Ìwà Akéwì àti Òkìkí Rẹ̀

A máa ń gbọ́ pé ewì tí ó bá dára yóò wá olùgbọ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ìtàn Dénrelé Ọbasá ti Ìbàdàn kò jẹ́ kí a gbà á tán.

Atẹ̀wé ni Ọbasá, òun ni ó sì dá ìwé ìròhìn The Yoruba News sílẹ̀ ní ọdún 1924. Àkójọ ewì rẹ̀ mẹ́ta jáde ní 1927, 1934 àti 1945, ọdún tí ó kú. Ẹ kíyèsí àkọlé ti èkíní: Ìwé Kìíní Ti Àwọn Akéwì. Àwọn akéwì ni ó wí, kò wí pé akéwì kan. Òwe àti ọ̀rọ̀ àgbà tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣà jọ ni ó hun tirẹ̀ mọ́. Kò fi èyí pamọ́. Síbẹ̀ orúkọ tirẹ̀ nìkan ni ayé mọ̀.

Ìwà rẹ̀ ni ó fà á. Onísùúrù ni, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àgbà bọ́ sílẹ̀. Kì í sì í ṣe ojo, kò dúró de ẹni tí yóò bá a tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó ń ka ìròhìn rẹ̀ ti mọ ohùn rẹ̀ kí ó tó ṣí ìwé ewì rẹ̀. Ìwà kan náà ni ó sì bí àbùkù rẹ̀. Ọkàn olùkọ́ni pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà ìmọ̀ràn a máa borí adùn níbòmíràn. Òwe a tẹ̀lé òwe kí èyí tí ó ṣáájú tó dún tán. Ìwà lè gbé orúkọ dé ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n etí ni yóò dá ewì lẹ́jọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní etí òkun Ìlàjẹ. Bí ẹni tí ó dá orin bírípo bá jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, orin rẹ̀ a wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, orúkọ rẹ̀ a sì rì. Ní Ayétòrò, tí a tẹ̀dó ní 1947, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ. Bí ará ìlú ti ń fọ́nká, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó mọ olórin ń fọ́nká.

Ẹ̀yin olùkọ́, a bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé kọ orin ilé wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì bi àwọn àgbà léèrè pé: ta ni ó dá a? Kí wọ́n kọ orúkọ náà sí òkè orin.