Orin Darandaran Lẹ́nu Àwọn Júù: Àyẹ̀wò Szól a kakas már

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá orin kan jẹ́ orin ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni a sábà máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Orin tí a fẹ́ tú palẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí lè ṣi irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lọ́nà. Orin àwọn Júù Họ́ngárì ni. Orúkọ rẹ̀, Szól a kakas már, túmọ̀ sí pé àkùkọ ti ń kọ. Ọ̀rọ̀ igbó, pápá àti ẹyẹ kan ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Rábì Yitzchak Isaac Taub ti ìlú Nagykálló, olórí àwọn Júù Hásídì tí ó kú ní 1821, ni wọ́n so orin náà mọ́. Ìtàn sọ pé ó gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ darandaran kan, ó sì fowó rà á. Bí owó ti bọ́ sí ọmọ náà lọ́wọ́, orin parẹ́ mọ́ ọn lórí.

Ọ̀rọ̀ rírà yìí lè ṣe àjèjì sí wa, ṣùgbọ́n ó ní ìpìlẹ̀. Isaac Luria, tí ó kú ní Safed ní 1572, kọ́ni pé ẹ̀ta iná mímọ́ fọ́n ká sínú ohun gbogbo, iṣẹ́ ènìyàn sì ni láti ṣà wọ́n jọ. Àwọn Hásídì mú ẹ̀kọ́ yìí wọ inú ìgbésí ayé ojoojúmọ́: oúnjẹ, òwò, ìrìn àjò, àti orin ẹni tí kì í ṣe Júù pàápàá. Lójú tiwọn, rábì kò gba orin ẹlòmíràn. Ìgbèkùn ló yọ ọ́ kúrò.

Nínú orin náà, wọ́n ní kí ẹyẹ máa dúró. Títí di ìgbà wo? Ibẹ̀ gan-an ni èdè ti yí padà: Hébérù ló dáhùn, ó sì dárúkọ Tẹ́ḿpìlì tí a ó tún kọ́. Ohùn orin kò yí. Ká ní Yorùbá ni, ohùn ọ̀rọ̀ ì bá ti fara gbọgbẹ́, bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ orin ìyìn tí a tú láti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n èdè méjèèjì yìí kì í ṣe èdè olóhùn, orin kan ṣoṣo sì gbà wọ́n láìjà. Ní tiwa, àyípadà èdè yìí ló sọ orin náà di ti Júù, kì í ṣe owó tí rábì san.

Darandaran kò tilẹ̀ gbàgbé. Àwọn ará Họ́ngárì tí kì í ṣe Júù ṣì ń kọ ọ́. Ní 1944, wọ́n kó àwọn Júù Máramaros lọ sí Auschwitz, ọ̀pọ̀ jù lọ kò sì padà. Nígbà tí ẹgbẹ́ olórin Muzsikás ń wá orin àwọn Júù wọ̀nyí kiri fún rẹ́kọ́ọ̀dù Máramaros tí ó jáde ní 1993, ọ̀dọ̀ àwọn olórin Rómà bíi Gheorghe Covaci ni wọ́n ti rí díẹ̀ nínú rẹ̀. Márta Sebestyén ló kọ orin àkùkọ níbẹ̀. Ó kọ ọ́ dáadáa, bóyá ó tilẹ̀ dùn jù: ẹni tí kò gbọ́ Hébérù yóò kọjá ibi tí èdè ti yí láìfura, yóò sì rò pé orin ìfẹ́ lásán ni. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ orin ìfẹ́ náà ni ọmọ darandaran ń kọ nínú pápá.