Ọnà Eyín Erin ní Ọ̀wọ̀

Láàárín ọ̀rúndún kẹrìndínlógún sí ìkejìdínlógún ni iṣẹ́ eyín erin gbilẹ̀ jù ní Ọ̀wọ̀, ìlú tí ó wà lágbedeméjì Ifẹ̀ àti Ìbíní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọnà ti wà níbẹ̀ ṣáájú, nítorí àwọn ère amọ̀ tí awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo wú jáde ní Igbó'Lájà nínú ìlú náà ní ọdún 1971 ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún.

Ọba àti àwọn ìjòyè ńlá ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ fún. Wọ́n máa ń rán ọnà pẹlẹbẹ bí orí àgbò, orí ẹkùn àti ọ̀nì mọ́ òrúfanran, èyí tí í ṣe ẹ̀wù oyè Ọlọ́wọ̀, ọba ìlú náà, àti àwọn ìjòyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ọgbọ́n oníṣẹ́ ọnà ti hàn jù lọ ni ẹ̀gbà ọwọ́ onípele méjì, tí ìpele kan wà nínú èkejì, tí a sì gbẹ́ méjèèjì láti ara ègé eyín kan ṣoṣo.

Ìdí eyín erin ní ihò nínú, ihò náà sì ń dín kù títí dé ibi tí eyín ti ki níhà ṣóńṣó. Apá oníhò yìí ni a ń gé fún ẹ̀gbà. Agbẹ́nà á kọ́kọ́ yọ àwòrán sí ojú òde, ó lè jẹ́ ọ̀nì, ẹyẹ, tàbí ọba tí ẹsẹ̀ rẹ̀ di ẹja àrọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò ti àlàfo àárín àwọn àwòrán náà ki irin tín-ín-rín bọ abẹ́ wọn, tí yóò máa fi ìfarabalẹ̀ gé e, títí ìpele òde yóò fi ya kúrò lára ti inú, tí ọ̀kan yóò máa mì nínú èkejì láìlè jáde. Bí irin bá yẹ̀ nígbà náà, kò sí àtúnṣe, nítorí eyín kì í ṣe amọ̀ tí a lè tún pò.

Irú ọnà bẹ́ẹ̀ rìn jìnnà: ní ọdún 1659, àwọn ẹ̀gbà eyín erin tí àwọn onímọ̀ kà sí iṣẹ́ Ọ̀wọ̀ ti wà nínú àkójọ Christoph Weickmann, oníṣòwò kan ní Ulm ní Jámánì. Nínú iṣẹ́ eyín erin Ọ̀wọ̀, àwo onídèérí tí ó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ni ọ̀pọ̀ ń yìn jù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, lójú ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ̀gbà ló ga jù, nítorí ẹni tí ó gbẹ́ àwo náà rí gbogbo ibi tí ọ̀bẹ rẹ̀ kàn, nígbà tí ẹni tí ó gbẹ́ ẹ̀gbà ń fi ọwọ́ nìkan mọ ibi tí irin dé lábẹ́ àwòrán.