Ìrìn Ọdún Méjìdínlógún, Owó Oṣù Méjìlá

Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kọ́kọ́ dà sórí tábìlì. Pupa wà níbẹ̀, aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀. Òmíràn ní àmì ìjọba lára, òmíràn kò ní ju nọ́ńbà àti iye owó lọ. Àwọn ìyá tó ń tajà ní Ìyànà-Ìbà ló kó wọn wá nínú ọ̀rá dúdú, pé kí obìnrin tó jókòó níwájú wọn bá àwọn wá owó lọ́wọ́ òyìnbó, kí àwọn lè fi bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ owó ọjà tó ń pọ̀ sí i. Obìnrin náà, Àǹtí ni gbogbo wọn ń pè é, kò tilẹ̀ ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ló ń tò, èyí tó bá jọra sójú kan.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ó wí fún èyí tó dàgbà jù, "èwo nínú wọn lẹ mọ ẹni tó ń gbà á? Èwo lẹ kàn ń san kí wọ́n má baà da igbá yín nù?"

Lágbègbè wa, láti Ọjọ́ dé Ìbà títí kan Okokomaiko, ohun tí ọ̀pọ̀ gbà ni pé ẹni tó bá ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ló lè rí owó ìrànwọ́ gbà, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní grant. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, wà nítòsí, akọ̀wé kò wọ́n wa. Ká sọ tòótọ́, Gẹ̀ẹ́sì ló kéré jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tó fẹ́ gbẹ́ kànga fún abúlé, iṣẹ́ rẹ̀ hàn sójú: á gbẹ́ ẹ, á ya fọ́tò rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí olówó. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí ìjọba yí ìlànà padà kò ní kànga tó lè yà ní fọ́tò. Ohun tó ń wá wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn: lọ́wọ́ kánsẹ́lọ̀, lọ́wọ́ aṣòfin ní Aláùsá, lọ́wọ́ adájọ́. Báwo lèèyàn ṣe máa gba owó lórí ohun tí kò sí níkàáwọ́ rẹ̀, láì parọ́ fún ẹni tó ń fúnni, láì sì tan ẹni tó ń jìyà jẹ? Ibẹ̀ ni ọgbọ́n Àǹtí wà.

Nígbà tó to tíkẹ́ẹ̀tì tán ló wá béèrè ohun tó máa ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo àlejò rẹ̀: ta ló láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí? Ìbéèrè náà kò rọrùn lọ́dọ̀ tiwa. Títì márosẹ̀ tó lọ sí Àgbádárìgì, ti ìjọba àpapọ̀ ni, ṣùgbọ́n ìjọba Èkó ló bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ẹ́ lọ́dún 2009. Ọjà, gáréèjì àti ilé ìyàgbẹ́ gbogboogbò, Àfikún Kẹrin ìwé òfin ọdún 1999 kó gbogbo wọn sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ wo wá ni? Ogún ni ìwé òfin kà fún Èkó, Ọjọ́ sì wà nínú wọn. Ìbà kò sí níbẹ̀: ọ̀kan ni nínú àwọn agbègbè ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ (LCDA) 37 tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní 2003. Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pàṣẹ ní oṣù keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà, ọ̀rọ̀ náà tún wá díjú sí i. Mo mọ àwọn ẹgbẹ́ tó fi odindi ọdún kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tí kò láṣẹ kankan lórí ohun tí wọ́n ń béèrè. Àǹtí kì í kọ gbólóhùn kan títí á fi rí òfin tó rọ̀ mọ́ ọn. Lórí tíkẹ́ẹ̀tì yìí, ó fa òfin Èkó ti ọdún 2010 yọ, èyí tó ka orúkọ àwọn owó tí ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà, ó wá ń fi ìka tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí wà níbẹ̀, èyí wà níbẹ̀, èyí ò sí.

Ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní LASU ló kọ́kọ́ kọ ìwé àbá náà. Ìlà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní iṣẹ́ yìí yóò fòpin sí ìwà ìbàjẹ́ nínú ìjọba ìbílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà. Àǹtí fi bírò pupa fàlà sí i nídìí.

"Oṣù mélòó ni wọ́n fẹ́ fún wa lówó?"

"Méjìlá, mà."

"Ìwọ nìkan lo máa fòpin sí i ní oṣù méjìlá?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìlà náà ti di èyí: kí wọ́n lẹ orúkọ àti iye owó tó bófin mu sí ẹnu ọ̀nà ọjà, ní èdè Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì, Ígbò àti Ègùn. Ọ̀rọ̀ gbígbẹ ni, kò lè mú orí ẹnikẹ́ni wú. Ṣùgbọ́n ẹ tún un kà. Bó bá ṣẹ, ẹni tó bá ń kọjá lọ á rí i. Bí kò bá ṣẹ, àyè ìsọkúsọ ò sí, ẹnu ọ̀nà á ṣófo. Ọ́fíìsì kan ṣoṣo ló sì lè ṣe é, a sì mọ orúkọ rẹ̀.

Ó tún wá pín in sí méjì. Ohun tí ẹgbẹ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wà lápá kan: kíkó tíkẹ́ẹ̀tì jọ, kíkọ lẹ́tà ìbéèrè, kíkọ́ àwọn ìyálọ́jà bí wọ́n ṣe ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò. Ohun tí ẹlòmíràn ní láti pinnu wà lápá kejì. Àwọn olówó ní àtẹ kan tí wọ́n ń pè ní logframe, USAID, àjọ ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ló ní kí wọ́n ṣe é fún òun lọ́dún 1969, òpó kẹrin rẹ̀ sì wà fún ohun tí a gbà pé yóò rí bẹ́ẹ̀ kí iṣẹ́ tó lè yọrí. Ìdọ̀tí ni ọ̀pọ̀ ń kó síbẹ̀: pé ojú ọjọ́ á dára, pé àlàáfíà á wà. Òtítọ́ tó le jù ni Àǹtí ń fi sínú òpó yẹn. Èkó dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní oṣù keje 2025. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ ṣáájú pé kánsẹ́lọ̀ tí a bá dọ́rẹ̀ẹ́ lè má padà wá, ó sì kọ iye ìpàdé tí a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ó bá ṣẹlẹ̀. Mo rò pé àwọn tó ń yẹ ìwé wò máa ń dúró níbẹ̀.

Òfin kì í yára. Lọ́dún 1993, lábẹ́ ológun, ni Media Rights Agenda, Civil Liberties Organisation àti ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn, NUJ, bẹ̀rẹ̀ ìpolongo pé kí aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba. Àbá náà dé ilé aṣòfin nígbà tí alágbádá padà dé ní 1999. Ilé méjèèjì fọwọ́ sí i ní 2007, Ọbásanjọ́ kọ̀, kò buwọ́ lù ú. Ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún 2011 ni Jonathan tó buwọ́ lù ú. Ọdún méjìdínlógún gbáko! Olówó wo ló ń fúnni lówó ọdún méjìdínlógún? Oṣù méjìlá ló wọ́pọ̀. Ọdún mẹ́ta, bí ojú àánú bá ṣí. Iṣẹ́ ẹni tó ń kọ ìwé àbá ni kó gé ìrìn gígùn yẹn sí wẹ́wẹ́, kí wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan lè dá dúró, kó ní ohun tó mú wálé, kí ẹni tó ń rìn má sì gbàgbé ibi tó ń lọ. Ìjọba Èkó náà ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin Blue Line: kìlómítà 27 ni láti Marina dé Okokomaiko, 13 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe dé Mile 2 kí èrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ ní oṣù kẹsàn-án 2023. (Àwa tó kù lẹ́yìn Mile 2, dánfó ṣì ń gbé wa.) Ọmọ òfin ọdún 2011 yẹn náà ni lẹ́tà tí Àǹtí kọ sí ìjọba ìbílẹ̀, tó fi fún wọn ní ọjọ́ méje láti fèsì. Ní oṣù kẹrin 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ là á mọ́lẹ̀ pé òfin náà de ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ pẹ̀lú, Àǹtí sì fi ìyẹn kún ìwé rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà.

Bó ṣe ń ka olówó ló wù mí jù. Kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ dídùn tí wọ́n kọ nípa ara wọn. Ní Amẹ́ríkà, òfin mú un ní dandan kí àjọ olówó aládàáni, èyí tí wọ́n ń pè ní foundation, máa fi fọ́ọ̀mù 990-PF sílẹ̀ lọ́dọọdún. Orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n fún lówó àti iye rẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni kíkà rẹ̀. Àǹtí á ka ti ọdún mẹ́ta. Á mọ̀ bóyá wọ́n ń fún ẹgbẹ́ kékeré lówó àbí àwọn ńláńlá Àbújá nìkan. Ford Foundation ti ní ọ́fíìsì ní Èkó láti 1960. MacArthur Foundation náwó lórí ètò On Nigeria láti gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, ó sì parí rẹ̀ ní 2024. Ẹni tó ṣì ń fi ìwé àbá ránṣẹ́ síbẹ̀ lórí ètò yẹn kò kàwé.

Òfin owó orí Amẹ́ríkà ti 1969 kò gbà kí foundation ya owó sọ́tọ̀ fún rírọ aṣòfin láti ti àbádòfin kan lẹ́yìn. Ìdí nìyí tí Àǹtí fi fẹ́ràn òfin tó ti wà nílẹ̀. Kí èèyàn ní kí wọ́n tẹ̀ lé òfin ọdún 2010, kò ní kí aṣòfin dìbò kankan. Ẹlòmíràn ì bá ti kọ ọ́ pé a fẹ́ òfin tuntun, wọn ì bá sì ti jù ú nù lójú ìwé kejì.

Ìṣirò ni mo máa ń wò bí ẹni wo ìran. Ó máa ń ka ìwé náà láti ẹ̀yìn, ó fi rúlà sábẹ́ ìlà. Bí ọ̀rọ̀ bá ní 40 obìnrin ló máa wá sípàdé, 40 gbọ́dọ̀ wà nínú owó oúnjẹ, 40 nínú owó ọkọ̀, 40 nínú àtẹ. Ó máa ń kọ iye ọjà ní náírà kó tó sọ ọ́ di dọ́là, nítorí láti oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan kúrò ní bíi náírà 470, ó sì ti kọjá 1,500 kí 2024 tó parí. Ó sì máa ń béèrè owó ilé àti iná. European Union gbà kí ìyẹn tó ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún. Amẹ́ríkà gbé tirẹ̀ láti 10 sí 15 ní oṣù kẹwàá 2024. Ojú máa ń ti àwọn ẹgbẹ́ wa láti béèrè é, wọ́n á wá máa jókòó sókùnkùn kọ ìjábọ̀.

Títí di ọdún 2022, kí ẹgbẹ́ kékeré tó gba owó ìjọba Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń ní kó lọ gba nọ́ńbà NCAGE lọ́dọ̀ NATO. Bẹ́ẹ̀ ni, NATO, lórí ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ọjà! Àǹtí mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ó tún mọ̀ pé láti ìparí oṣù kẹta dé ìparí oṣù kẹwàá, aago Brussels fi wákàtí kan ṣáájú ti Èkó, pé ẹni tó bá ń fi aago ọwọ́ rẹ̀ ṣírò gbèdéke European Union ti pẹ́. Nígbà tí Trump dá ìrànwọ́ dúró ní oṣù kìíní 2025, tí USAID sì kógbá sílé ní oṣù keje, àwọn tó gbára lé orísun kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn. Kò sí ẹgbẹ́ tí Àǹtí ń kọ̀wé fún tí kò ní ju ẹnu ọ̀nà kan lọ.

Orúkọ rẹ̀ kì í sí lára ìwé kankan. Alága ẹgbẹ́ ló ń buwọ́ lù ú. Ọmọ LASU yẹn bi í léèrè ìdí tí kò fi ń gba ìdá mẹ́wàá nínú owó tó bá wọlé, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń ṣe. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lágbàáyé ti kà á léèwọ̀, àti pé ẹni tó bá ń gba ìdá mẹ́wàá kò ní lẹ́nu láti sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí wọ́n má kọ ọ́. Owó ọjọ́ tó bá fi ṣiṣẹ́ ló ń gbà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ kan dé láti Àjáǹgbádì pẹ̀lú ìpè olówó ńlá kan lórí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà fún ọ̀dọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ gọ́tà ni tiwọn. Ó kà á dé ojú ìwé tó kẹ́yìn, ó sọ ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀, ó júwe ibòmíràn fún wọn, ó sì gba owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì.