Orúkọ Ọkùnrin Láàárín Àwọn Ará Japan àti Àṣìṣe Àwọn Tí Ń Túmọ̀ Rẹ̀

Bí akẹ́kọ̀ọ́ wa kan bá fẹ́ kọ àpilẹ̀kọ lórí ìwé ìtàn àròsọ ilẹ̀ òkèèrè, ohun tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá ni ìtumọ̀ orúkọ àwọn ẹ̀dá inú ìtàn náà. N kò bá a wí. Ọmọ Yorùbá ni, ilé tí a sì ti tọ́ ọ dàgbà ti kọ́ ọ pé ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé náà bá ti ilẹ̀ Japan wá, ohun tí ó máa ń gbára lé ni àwọn ìwé pélébé kan tí wọ́n to orúkọ lẹ́sẹẹsẹ, tí wọ́n sì kọ ìtumọ̀ kan ṣoṣo sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan: Akira, ìmọ́lẹ̀, Kenji, ọlọ́gbọ́n, Ichiro, àkọ́bí ọkùnrin. Èrò mi ni pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń ṣi òǹkàwé lọ́nà, àti pé àṣìṣe náà kì í ṣe kékeré, nítorí ó lè sọ iṣẹ́ lámèyítọ́ di asán láti ìpìlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mọ bí ọ̀rọ̀ ti rí ná. Láti ilẹ̀ Ṣáínà ni àwọn ará Japan ti gba àwọn àmì tí wọ́n ń pè ní kánjì. Àmì kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n gba àwọn àmì yìí, wọ́n gba ìró tí àwọn ará Ṣáínà fi ń pè wọ́n pẹ̀lú, bí etí wọn ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n wọn kò ju ọ̀rọ̀ abínibí wọn nù, òun náà ni wọ́n gbé lé orí àmì kan náà. Báyìí ni àmì kan ṣe wá ní pípè méjì, mẹ́ta, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí, àwọn pípè mìíràn tún wà tí a kì í lò àfi nínú orúkọ ènìyàn. Orúkọ Naruhito, ọba tí ó gorí ìtẹ́ ní 2019, jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Àmì àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ túmọ̀ sí ìwà rere, toku sì ni a ń pè é nínú ọ̀rọ̀ lásán. Nínú orúkọ yìí, naru ni. Ẹni tí kò bá gbọ́ orúkọ náà rí lè wo àwọn àmì náà títí kí ó má mọ̀ ọ́n pè.

Nítorí náà, ìró kan lè ní àmì púpọ̀, àmì kan sì lè ní ìró púpọ̀. Ẹ wo Kenji. Akéwì Miyazawa Kenji, tí ó gbé ayé láti 1896 títí di 1933, fi àmì ọgbọ́n àti àmì ìṣàkóso kọ tirẹ̀. Mizoguchi Kenji, olùdarí eré sinimá, tí a bí ní 1898, fi àmì ìlera àti àmì eéjì kọ ọ́. Ohùn kan náà ni ìyá kọ̀ọ̀kan fi ń pe ọmọ rẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n orúkọ wọn kì í ṣe ọ̀kan. Bákan náà ni Akira: ti Kurosawa tí ó ṣe sinimá jẹ́ oòrùn àti òṣùpá tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú àmì kan ṣoṣo, ti Ifukube tí ó ń kọ orin jẹ́ àmì mìíràn, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ sànmánì Showa. Ìdí nìyí tí ará Japan, bí ó bá ń sọ orúkọ rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ṣe máa ń fi àlàyé kún un pé Ken ti ìlera ni, ji ti eéjì.

Tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdìkejì èyí. Orúkọ Yorùbá púpọ̀ jẹ́ gbólóhùn, etí ni a sì fi ń gbọ́ ìtumọ̀ wọn. Orí ìwé ni tiwa ti ń ṣókùnkùn, pàápàá nígbà tí ọ̀lẹ bá kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i. Àlejò tí ó bá rí “Ojo” lórí ìwé kò lè mọ̀ bóyá Òjó ni, ọmọ tí ìwọ́ rẹ̀ kọ́ ọ lọ́rùn wáyé, tàbí òjò tí ń rọ̀. Mo sì ti rí ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde tí ó fi tọ̀hún túmọ̀ tìhín láìtijú. Bí àwa bá ń bínú sí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí a ṣe èyí tí ó jọ ọ́ sí orúkọ ẹlòmíràn.

Ti Ichiro ni ó tilẹ̀ rọrùn jù láti já. Òótọ́ ni pé láti ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ti ń fi ipò ọmọ sọ ọ́ lórúkọ: Taro tàbí Ichiro fún ọmọkùnrin àkọ́kọ́, Jiro fún èkejì, Saburo fún ẹ̀kẹta, bí àwa ti ń fi Ìdòwú àti Àlàbá tẹ̀lé ìbejì. Ṣùgbọ́n Suzuki Ichiro, tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Amẹ́ríkà nínú eré bọ́ọ̀lù tí a ń fi igi gbá, ọmọkùnrin kejì ni fún bàbá rẹ̀. Àmì ení wà nínú orúkọ rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ó tẹ̀lé e kì í ṣe àmì ọmọkùnrin tí ó wà nínú Taro, bí kò ṣe àmì ọ̀yàyà, tí a ń pè ní ro bákan náà. Ẹni tí ó bá fi ìwé pélébé ṣe ẹlẹ́rìí yóò ti sọ ọ́ di àkọ́bí.

Orúkọ tí mo fẹ́ràn jù láti fi kọ́ni ni Osamu. Tezuka Osamu, àgbà nínú àwọn tí ń fi àwòrán sọ ìtàn, ni a bí ní ọjọ́ kẹta oṣù Kọkànlá 1928. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi ń ṣe ìrántí ọjọ́ ìbí ọba Meiji; nítorí náà ni wọ́n ṣe mú àmì kejì nínú Meiji, àmì ìṣàkóso, fún ọmọ náà. Nínú orúkọ ọba, ji ni wọ́n ń pè é. Nínú orúkọ ọmọ, Osamu. Nígbà tí ó dàgbà díẹ̀, kòkòrò ni ọmọ náà fẹ́ràn jù nínú ohun gbogbo. Ó rí i pé irú kòkòrò kan wà tí a ń pè ní osamushi, ó sì fi àmì kòkòrò kún orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ìró kankan kún un: Osamu náà ni wọ́n ṣì ń pè é. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ náà kò ní mọ̀ pé ohunkóhun yí padà. Ojú nìkan ni ó rí i pé orúkọ tí wọ́n gbà lọ́dọ̀ ọba ti ní kòkòrò nínú. Àmì ìṣàkóso yìí kan náà ni Dazai Osamu, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ tí ó kú ní 1948, fi kọ orúkọ tirẹ̀. Orúkọ tí ìdílé sọ ọ́ ni Tsushima Shuji. Bí a bá fi etí gbọ́ Shuji àti Osamu, a ó rò pé wọn kò bá ara wọn tan. Lórí ìwé, Osamu jẹ́ àmì kejì nínú Shuji gan-an, bí ẹni tí ó bọ́ agbádá sílẹ̀ tí ó ku bùbá. Ìtumọ̀ kan ṣoṣo wo ni ìwé pélébé yóò kọ sí iwájú Osamu tí yóò gba àwọn méjèèjì?

Òfin pàápàá fi hàn pé ojú ni orúkọ wọn ń gbé. Láti 1948 ni òfin ti pààlà sí àwọn àmì tí a lè fi sọ ọmọ lórúkọ, ní 1951 sì ni wọ́n fi àmì 92 kún un nítorí igbe àwọn òbí. Ní 1993, òbí kan ní ìlú Akishima fẹ́ sọ ọmọkùnrin rẹ̀ ní Akuma, èyí tí ó túmọ̀ sí ẹ̀mí burúkú. Òfin gba àmì méjèèjì láyè. Ìtumọ̀ àpapọ̀ wọn ni àwọn aláṣẹ ìlú kọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dé ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àsìkò yìí, ìwé àkọsílẹ̀ ìdílé tí ìjọba ń tọ́jú kì í gba ìró orúkọ sílẹ̀ rárá. Àtúnṣe òfin tí wọ́n ṣe ní 2023, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún 2025, ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á láṣẹ pé kí a kọ pípè mọ́ ọn, kí pípè náà sì jẹ́ èyí tí àwọn ènìyàn ń gbà fún àmì náà.

Ẹni tí ó mọ agbára àmì jù nínú àwọn òǹkọ̀wé wọn, ní ìdájọ́ tèmi, ni Mori Ogai. Dókítà ológun ni, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Jámánì láti 1884 sí 1888. Orúkọ tirẹ̀ gan-an ni Mori Rintaro: igi mẹ́ta ni a fi ń kọ Mori, igi méjì ni a fi ń kọ rin, igbó sì ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ó di bàbá, orúkọ Yúróòpù ni ó ń sọ àwọn ọmọ rẹ̀, tí ó sì ń fi kánjì kọ wọ́n. Àkọ́bí rẹ̀, tí a bí ní 1890, ni Oto, èyí tíí ṣe Otto. Bí a bá dúró síbẹ̀, a ó sọ pé ọkùnrin náà ń fara wé Òyìnbó, àwọn kan sì ti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì méjì tí ó fi kọ ọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan láti gúúsù Ṣáínà, tí í ṣe orúkọ ẹranko bí ẹkùn tí ó ní ilà lára, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní táígà. Ọdún 1890 sì ni ọdún ẹranko náà nínú kàlẹ́ńdà wọn. Ọmọkùnrin tí ó bí ní 1907, tí kò pé ọdún méjì tí ó fi kú, ni Furitsu, èyí tíí ṣe Fritz. Bí a bá ka àwọn àmì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, “kò” ni ọ̀kan, “òfin” ni èkejì. Onímọ̀ tí ó ti ka ìwé àtijọ́ ni yóò mọ̀ pé, ní èdè ẹkùn kan ní Ṣáínà láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n fi ń pe búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ń kọ̀wé. Òǹkọ̀wé fi ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀ sọ ọmọ, ó sì fi pamọ́ sínú orúkọ ará Jámánì. Èyí kì í ṣe àfarawé. Ẹni tí ó ń fara wé ènìyàn kì í gbé nǹkan tí ó pọ̀ tó báyìí pamọ́ fún un.

Natsume Soseki ni n ó fi parí, nítorí orí ìwé rẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti ń ṣìnà jù. Kinnosuke ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí a bí i ní 1867. Ọjọ́ tí ó wáyé bọ́ sí ọjọ́ kan tí wọ́n gbà gbọ́ pé ọmọ tí a bá bí nínú rẹ̀ yóò di olè, àfi bí a bá fi àmì wúrà sí orúkọ rẹ̀. Kin ni wúrà náà. Ẹ̀rọ̀ ni orúkọ yìí, gẹ́gẹ́ bí Málọmọ́ ti jẹ́ ẹ̀rọ̀ láàárín wa. Soseki tí ó fún ara rẹ̀ wá láti inú ìtàn ọkùnrin ará Ṣáínà kan tí ó fẹ́ sọ pé òun yóò fi òkúta rọrí, òun yóò sì fi omi odò ṣan ẹnu. Ahọ́n rẹ̀ yọ̀, ó ní òun yóò fi òkúta ṣan ẹnu, òun yóò sì fi odò rọrí. Nígbà tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò gbà pé òun ṣì í sọ: ó ní eyín ni òun fẹ́ fi òkúta fọ̀, etí ni òun fẹ́ fi odò fọ̀. Orúkọ alágídí nìyẹn, ó sì bá ẹni tí ó gbé e mu.

Ọkùnrin tí orúkọ jinlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tó báyìí ni ó kọ Kokoro ní 1914, nínú ìwé ìròyìn Asahi. Kò sí orúkọ fún ẹni tí ń sọ ìtàn náà. Àgbàlagbà tí ó ń tẹ̀lé kò ju Sensei lọ, èyí tí a ń pe olùkọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti sọ pé lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ lásán tutù jù fún òun láti fi pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sensei wá ń kọ ìwé nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó ṣẹ̀, lẹ́tà kan péré ni ó fi pè é: K. K yìí ti di ọmọ àgbàtọ́ ní ilé dókítà kan, orúkọ ìdílé rẹ̀ sì yí padà níṣojú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́. Soseki mọ èyí lára, nítorí wọ́n fi òun náà fún ìdílé Shiobara ní kékeré, kò sì padà sí orúkọ Natsume títí di 1888.

Àwọn kan ti ń wá orúkọ tí K dúró fún. Mo rò pé wọ́n ń fi àkókò ṣòfò. K jẹ́ lẹ́tà Òyìnbó. Ó ní ìró, kò ní ìtumọ̀. Ní ilẹ̀ tí bàbá ti ń yan ìtumọ̀ fún ọmọkùnrin rẹ̀ lórí ìwé, Sensei gba gbogbo ìtumọ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ku ìró kan ṣoṣo fún un. Ìwà ìkà ni, tàbí ìtìjú; ìwé náà fi àyè sílẹ̀ fún méjèèjì, èmi a máa rò pé ìtìjú ni ó pọ̀ jù. Ẹni tí ó ka Kokoro ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kò lè rí èyí, nítorí lẹ́tà kan náà ni wọ́n fi kọ K àti Tokyo àti gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù. Nínú ìwé Soseki, ńṣe ni ó dá dúró láàárín kánjì bí àlejò tí kò gbọ́ èdè ìlú.

Lẹ́tà kan náà ni àwa ń lò, bí a bá sì gbé ìwé náà sí Yorùbá, K yóò fara pamọ́ sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ níhìn-ín pẹ̀lú. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń dá a lábàá pé kí a fún un ní orúkọ Yorùbá kan tí ó ní ìbànújẹ́ nínú. Èmi kò fara mọ́ ọn. Bí atúmọ̀ bá dé ibi tí orúkọ bíi Kenji tàbí Osamu wà, kí ó sọ àmì rẹ̀ fún wa ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ó bá dárúkọ rẹ̀, kí ó sì máa lọ. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ K, kí ó kọ K, kí òǹtẹ̀wé fi lẹ́tà tí ó yàtọ̀ sí àwọn yòókù tẹ̀ ẹ́, kí ojú wa lè máa kọsẹ̀ lára rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá bá a pàdé.