Ìgbà tí Oòrùn Bá Fẹ́ Kọ̀yìn sí Ògiri

Bí mo bá gbé kámẹ́rà kọ́ ọrùn ní Pópó Àgùdà, ní Èkó Àkéte ilé ọgbọ́n, arómisá lẹ̀gbẹlẹ̀gbẹ, ọ̀gá mi ni ọkàn mi kọ́kọ́ ń lọ bá, ọkùnrin gíga tí ó lè dúró níwájú ilé kan láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi fẹ́ kàtàrí, láìya fọ́tò kan ṣoṣo. Àwọn tó ń kọjá a máa fi í rẹ́rìn-ín. Wọn kò mọ̀ pé ohun tí ó ń ṣọ́ kò tíì dé.

Òwúrọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń yìn, nígbà tí oòrùn ń wo ilé tó kọjú sí ìlà-oòrùn lójú kòrókòró, kò ṣe ọnà ara ògiri lóore, nítorí ìmọ́lẹ̀ tó bá dojú kọ ògiri gbọnrangandan a máa pa òjìji, bẹ́ẹ̀ òjìji ni í fi hàn pé òdòdó tí àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì dé mọ sí òkè fèrèsé yọ jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ku díẹ̀ kí oòrùn kọ̀yìn sí ògiri náà, ìmọ́lẹ̀ a fá ara rẹ̀ kọjá bí abẹ onígbàjámọ̀ ti í bá orí lọ. Ewé tí kò yọ ju èékánná lọ a ju òjìji gbọọrọ sílẹ̀, ipa ọwọ́ ẹni tó mọ ọ́n pàápàá a sì hàn. Ti ògiri tó kọjú sí àríwá tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: láti oṣù kẹrin wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án nìkan ni oòrùn ọ̀sán ń gba ìhà àríwá kọjá lókè Èkó, òjò kì í sì í jẹ́ kí ó ráyè.

Níwájú Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí João Baptista da Costa kọ́, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1894, mo sáré gbé kámẹ́rà sójú. Ọ̀gá mi ní, “Gbé e sílẹ̀, ìwọ ọmọ yìí. Nígbà tí o kò tíì rí i, kí lo fẹ́ yà?” Ó ní kí n rọra pa ojú dé díẹ̀, kí àwọ̀ lè pòórá, kí ó ku òjìji nìkan.

Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n lóde òní, olúwarẹ̀ a na fóònù sókè, a tẹ̀ ẹ́, a sì fi ẹ̀rọ da òjìji tí kò sí níbẹ̀ sára ilé. Irọ́ gbáà! Àwọn tó ń kọ́lé pàápàá, ògiri pẹlẹbẹ ni tiwọn, tí ìmọ́lẹ̀ kò rí nǹkan kan dì mú lára rẹ̀.

Ilé Fernandez ní Tinúbú, èyí tí à ń pè ní Ilojo Bar, tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n wó o lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Mọ́ṣáláṣí náà ṣì dúró. Ẹni tó bá ní kámẹ́rà tó sì ní sùúrù, kí ó lọ síbẹ̀, kí ó má sì tètè gbé e sójú.