Ẹ̀yìn Orí àti Ẹ̀yìn Aṣọ: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Fọ́tò Irun J. D. 'Okhai Ojeikere

Ẹni tí ó bá wọ ilé fọ́tò kan ní Durumi, ní Abùjá, ní ọjọ́ tí wọ́n ń ya fọ́tò aṣọ títà, ẹ̀yìn ni kí ó kọ́kọ́ wò. Ẹni tí ó wọ aṣọ náà dúró níwájú kámẹ́rà, aṣọ sì bá a mu rẹ́gí bí ẹni pé ara rẹ̀ ni wọ́n gé e lé. Ṣùgbọ́n bí òǹwòran bá yí sẹ́yìn rẹ̀, ó lè bá pẹ́ẹ̀gì mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n fi ká àlékún aṣọ náà jọ láti èjìká dé ìdí. Aṣọ tóbi jù ú lọ. Ẹyọ kan ni aránṣọ gbé wá, ó sì lè jẹ́ pé ẹni mẹ́ta ni yóò wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ìwà yìí kì í ṣe ti Durumi nìkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ní Èkó, ní London àti ní Paris. Òfin tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, tí gbogbo òṣìṣẹ́ sì mọ̀, ni pé kámẹ́rà kò gbọdọ̀ rí ẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn kò ṣàjèjì sí lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá. Nínú eré Aláàrìnjó, agọ̀ tí ó ń di òjòlá, tí ó ń di ọ̀nì, ni òǹwòran ń rí. Ọwọ́ tí ó ń yí i padà kò hàn, èèwọ̀ sì ni kí ènìyàn pe orúkọ ẹni tí ó wà nínú agọ̀. Fọ́tò ìpolówó ọjà ní ìwà kan náà, àmọ́ ìdí tirẹ̀ yàtọ̀: egúngún ń fi orúkọ pamọ́ nítorí awo, ọlọ́jà ń fi í pamọ́ nítorí owó. Èyí ni ó mú kí iṣẹ́ Ojeikere yẹ fún àgbéyẹ̀wò, nítorí pé inú iṣẹ́ ìpolówó ọjà gan-an ni ó ti jáde, ẹ̀yìn ni ó sì yàn láti máa yà.

Ọdún 1930 ni wọ́n bí Johnson Donatus Aihumekeokhai Ojeikere ní Ovbiomu-Emai, ní ilẹ̀ tí ó wà nínú Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n àárín Yorùbá ni iṣẹ́ rẹ̀ ti gbó. Ní 1954 ó rí iṣẹ́ ní Ìbàdàn, lọ́dọ̀ àwọn tí ń bójú tó ìròyìn fún ìjọba, nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò. Ní 1961 ó bọ́ sí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959. Láti 1963 títí di 1975, West Africa Publicity ní Èkó ni ó ń ya fọ́tò fún. Ọdún méjìlá gbáko nìyẹn nínú iṣẹ́ ìpolówó ọjà. Ẹnu iṣẹ́ yìí ni ó wà ní 1968 tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí ya irun àwọn obìnrin, kò sì dáwọ́ dúró títí fọ́tò irun náà fi tó nǹkan bí 1,000. Ní 1975 ó dá ilé fọ́tò tirẹ̀ sílẹ̀ ní Kétu, Èkó. Ó kú ní 2014.

Láti ìgbà tí Fondation Cartier ní Paris ti ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ ní 2000, tí àwọn fọ́tò náà sì dé Venice Biennale ní 2013, iṣẹ́ ọnà ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń pè wọ́n, wọn a sì fo ilé-iṣẹ́ ìpolówó ọjà dá. Àṣìṣe ni. Bí a bá wo ìgbékalẹ̀ fọ́tò kọ̀ọ̀kan, dúdú àti funfun ni. Kò sí igi, kò sí ilé, kò sí èrò lẹ́yìn orí náà. Orí, ọrùn àti díẹ̀ nínú èjìká nìkan ni ó kù. Nígbà mìíràn ó ya orí kan ṣoṣo láti ẹ̀yìn, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti iwájú. Bí wọ́n ti ń ya ìgò tàbí agolo tí wọ́n fẹ́ polówó nìyẹn. Ọwọ́ tí ọjà kọ́ ni ó fi ya irun. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé irun kò ní pẹ́ẹ̀gì. Onídìrí kò ní ibi tí yóò fi àléébù pamọ́ sí: bí ìlà irun bá wọ́, yóò hàn, bí òwú bá tú, yóò hàn. Ẹ̀yìn tí onífọ́tò aṣọ ń sá fún ti wá di ojú ọjà.

Ẹni tí ó bá mọ bí fọ́tò ti rí láàrin Yorùbá ni yóò mọ bí ìyípadà yìí ti jinlẹ̀ tó. Ní 1978, Stephen Sprague tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú African Arts lórí fọ́tò àwọn Yorùbá. Ìlá Ọ̀ràngún ni ó ti ṣe púpọ̀ nínú ìwádìí rẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé àgbà tí ó bá jókòó fún fọ́tò yóò kọjú sí kámẹ́rà gan-an, yóò gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, yóò sì fẹsẹ̀ kí aṣọ rẹ̀ lè tẹ́ dáadáa. Ó so èyí mọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí Robert Farris Thompson gbà lẹ́nu àwọn Yorùbá nípa ẹwà ère, bíi jíjọra, dídán àti gígún. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ dúró lórí ojú, nítorí pé ojú ni ó ń sọ ipò àti ọjọ́ orí. Obìnrin tí ó kẹ̀yìn sí kámẹ́rà Ojeikere kò sọ èyíkéyìí nínú wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó gbé rù wá fún wa. Àwọn àgbà ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń báni rí tẹni. Àfi bí ó bá lo dígí méjì, ẹni tí ó ni orí yẹn gan-an kò rí ohun tí àwọn òǹwòran Paris ń sanwó wò.

Síbẹ̀, orí tí kò ní ojú náà ní orúkọ. Ojeikere kọ orúkọ irun sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ rẹ̀ ti wọ oko àwọn onímọ̀ èdè. Lítíréṣọ̀ kúkurú ni orúkọ irun. Ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀, tí wọ́n ń dì láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, jẹ́ àfiwé tí ó ní ẹ̀fẹ̀ nínú. Kòlẹ́sẹ̀ jẹ́ odidi gbólóhùn tí ó di ọ̀rọ̀-orúkọ. Pàtẹ́wọ́ ń ya ọwọ́ méjì sọ́kàn ẹni, nítorí pé ìdì ọ̀tún àti ti òsì ni ó wá pàdé ní àárín orí. Nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, àwọn obìnrin gbé 'Ogun parí' sórí; nígbà tí afárá tuntun dé sórí ọ̀sà, wọ́n kó 'Èkó Bridge'. Ìwé ìròyìn wo ni ó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò tí ó lókìkí jù, ti 1975, ń jẹ́ 'Onile Gogoro Or Akaba'. Orúkọ méjì ni ó wà fún irun kan. Ẹni tí ó sọ pé onílé gogoro ni, gíga rẹ̀ ni ó rí, ó sì rí olówó tí ó ń gbé inú rẹ̀. Ní àkókò tí owó epo ń wọlé, tí ilé alájà ń pọ̀ sí i ní Èkó, àfiwé yìí kò ní àlàyé púpọ̀. Ẹni tí ó sọ pé àkàbà ni, ọ̀nà tí wọ́n gbà gòkè ni ó rí. Èkíní ń yin onílé, èkejì ń rántí ohun èlò òṣìṣẹ́. Ojeikere kò dá ẹjọ́ fún wọn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ alohùn ti ń kọ ẹ̀dà ìtàn méjèèjì sílẹ̀ ni ó ṣe, ìyẹn sì buyì fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ bàjẹ́ sí ni bí wọ́n ti ń kọ àwọn orúkọ náà. Kò sí àmì ohùn lórí wọn, kò sí àmì lábẹ́ wọn. 'Suku Sinero Kiko' ni wọ́n ń kọ sábẹ́ fọ́tò kan. Kí ni 'kiko'? Ó lè jẹ́ kíkọ́, kíkọ tàbí kíkọ̀. Kíkó ni, èyí tí ó ya irun tí wọ́n fi òwú wé sọ́tọ̀ kúrò lára irun tí ọwọ́ lásán dì. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, bí 'gbígbẹ́' ti jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ fún agbẹ́gilére. Nígbà tí àmì ohùn rẹ̀ bọ́, ohun kan ṣoṣo tí àkọlé náà ń sọ nípa bí wọ́n ṣe ṣe irun yẹn bá a lọ. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó lè tẹ àmì orí lẹ́tà èdè Faransé láìsí wàhálà kò ní àwáwí lórí èyí.

Ẹ̀sùn tí ó kù, Ojeikere fúnra rẹ̀ ni yóò jẹ́ ẹ. Ó ti fi iṣẹ́ onídìrí wé iṣẹ́ agbẹ́gilére, àfiwé náà sì yẹ. Ṣùgbọ́n àwọn agbẹ́gilére Yorùbá pàápàá wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún ìgbà pípẹ́ láìlórúkọ. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tí ó kú ní 1938, rí orúkọ tirẹ̀ gbà padà, nítorí pé ní 1988, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì ń ki oríkì rẹ̀ tí John Pemberton fi gbà á sílẹ̀. Ta ni ó ki onídìrí? Orúkọ irun wà lórí àkọlé fọ́tò, ọdún wà, orúkọ onífọ́tò wà. Orúkọ ẹni tí ó kó irun kò sí, ti ẹni tí ó ni orí kò sí pẹ̀lú. Ojeikere fi ẹ̀yìn hàn wá, àmọ́ ìdajì ẹ̀yìn ni.

Èyí ni ó mú ọ̀rọ̀ padà sí Durumi. Ṣáájú gbogbo ènìyàn ni onídìrí ń dé ilé fọ́tò. Ó lè fi wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin jókòó ti orí kan, pẹ̀lú òòyà àti òwú. Nígbà tí iná bá tàn, wọn a ní kó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí òjìji rẹ̀ má bàa bọ́ sórí aṣọ. Ẹ̀ẹ̀kan ni yóò gba owó iṣẹ́ rẹ̀, fọ́tò yóò sì máa tà lọ. Ní ti àwọn ti Ojeikere, ẹnì kan pe irun 1975 yẹn ní onílé gogoro, ẹnì kan sì ní rárá, àkàbà ni. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan jẹ́ onídìrí, kí èkejì jẹ́ ẹni tí ó gbé orí kalẹ̀ fún un. 'Or' yẹn nìkan ni ó kù nínú ìjiyàn wọn.