Báńkì Oúnjẹ Èkó: Kí Ni Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ Lè Rí Mú Níbẹ̀?

Ọdún 2015 ni agbẹjọ́rò kan, Michael Sunbola, dá Lagos Food Bank Initiative sílẹ̀ l'Ékòó. Kì í ṣe ti ìjọba. Oúnjẹ tí iléeṣẹ́ àti àwọn aláàánú bá fi sílẹ̀ ni wọ́n ń kó jọ, tí àwọn ọ̀dọ́ tó yọ̀ǹda ara wọn ń dì, tí wọ́n sì ń gbé lọ bá mẹ̀kúnnù ládùúgbò wọn. Àwọn ìlú tiwa, Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, nílò irú iṣẹ́ yìí, àmọ́ n kò rò pé a lè gbé e wálé bó ṣe wà.

Ohun tí mo kọ́kọ́ yìn ni pé wọ́n ń ṣe ìwádìí ṣáájú. Kí oúnjẹ tó dé, wọ́n á ti mọ ibi tí ìṣòro wà. Ẹni tó bá rò pé nǹkan kékeré nìyẹn, kó rántí Ìbàdàn, ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024. Wọ́n pe àwọn ọmọdé sí àríyá ìparí ọdún ní Islamic High School, Baṣọ̀run, èrò sì ya lọ. Ọmọ 35 ló kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù kan náà, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Òkìjà àti l'Ábújá, níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín oúnjẹ Kérésì. Ebi ló kó èrò jọ, àìsí ètò ló pa wọ́n. Bí a bá pe gbogbo ìlú síbi àpò ìrẹsì, alágbára ni yóò gbà á. Ìyá tó pọn ọmọ yóò padà lọ́wọ́ òfo, bí ó bá tilẹ̀ padà.

Àjọ Èkó náà tún ní ètò kan fún aboyún, ìyá ọlọ́mọ àti ọmọ tí àìjẹunre ń bá jà. Ògbómọ̀ṣọ́ kò ṣàjèjì sí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀: nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà, Ruth Kersey, ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ aláìníyàá níbẹ̀ tipẹ́, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe ilé náà.

Níbo wá ni ó kù sí? Iléeṣẹ́ ló yí Èkó ká. Inú oko ni oúnjẹ tiwa wà. Ẹ wo máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tó bá so wọ̀ǹtìwọnti, tó ń jẹrà lábẹ́ igi. Báńkì oúnjẹ tí yóò bá wa mu gbọ́dọ̀ bá àgbẹ̀ Oríire àti Sùúrùlérè lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìyálọ́jà ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ sọ̀rọ̀ kó tó kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ kankan. Kó ra gàrí àti àgbàdo nígbà tí wọ́n bá pọ̀ lọ́jà, kó tọ́jú wọn níbi tí kòkòrò kò ti ní bà wọ́n jẹ́, kó wá gbé wọn jáde lásìkò ọ̀wọ́n, kí iṣu tuntun tó dé.

Àpótí oúnjẹ kan kì í pẹ́ tán. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, owó oúnjẹ ní Nàìjíríà ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Àjọ náà mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ètò tó ń ran ìdílé lọ́wọ́ láti dáko. Lójú tèmi, òun ló dára jù nínú iṣẹ́ wọn, òun náà ló sì yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín, nítorí ilẹ̀ kò wọ́n wa bí ó ti wọ́n wọn l'Ékòó.

Ohun tí n kò fara mọ́ rárá ni àwòrán. Ojú àwọn tó gba oúnjẹ pọ̀ jù nínú ohun tí àjọ náà ń gbé jáde. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń fi owó sílẹ̀ fẹ́ rí ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ní ìlú tí agboolé ti mọ agboolé, baálé tí wọ́n bá ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú kóńgò ẹ̀wà lọ́wọ́ kò ní jáde wá lẹ́ẹ̀kejì, ebi ì báà pa àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, kó gba orúkọ lọ́wọ́ ìyálé agboolé, lọ́wọ́ lèmọ́mù àti olórí àwọn opó ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó gbé oúnjẹ dé ẹnu ọ̀nà wọn lálẹ́, kó sì fi fóònù sílẹ̀ sínú àpò.